Òòlù Lẹ́yìn Táyà

Gbì-gbà. Gbì-gbà. Gbì-gbà. Bí òòlù igi méjì ṣe máa ń dá ara wọn lóhùn nìyẹn ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà nílùú Ìbàdàn, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ní Kánádà tí mo wà yìí, bí yìnyín bá ya lulẹ̀ láti orí òrùlé, mo ṣì máa ń gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè.

Àwọn ọmọ ìsìnyí kò mọ iṣẹ́ aṣọ lílù. Bí wọ́n bá fọ agbádá tàbí ìró ńlá tán láyé ìgbà náà, wọn á rẹ ẹ́ sínú ẹ̀kọ, wọn á sá a, wọn á ká a jọ, wọn á sì tẹ́ ẹ sórí ìtì igi. Ọkùnrin méjì á jókòó kojú síra wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú òòlù tirẹ̀. Bí ọ̀kan ṣe ń gbé tirẹ̀ sókè ni èkejì ń sọ tirẹ̀ kalẹ̀, títí aṣọ á fi le, tí á sì máa dán bí omi. A kì í dìde dúró lu aṣọ. Apá ló ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ò ní ìpín níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi lè lù ú.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Nígbà tí bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Màmúdù, tó jẹ́ olórí àwọn alùṣọ lágboolé wa, ló gbé òòlù lé mi lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ìyá mi, Àtọ́kẹ́, tó ń se ẹ̀kọ tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí, bú sẹ́kún.

"Bàbá, ọmọ tí àìsàn ti dá lóró, ẹ tún fẹ́ fi iṣẹ́ pa á?"

Bàbá Màmúdù ní, "Ìyàwó, bí kò bá lu aṣọ, wọn á sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń ṣe sàráà fún. Èwo lo fẹ́?"

Ìyá mi nu ojú, ó padà sídìí ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà: òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. Kúlúsúmù, ọmọ Bàbá Màmúdù, ló máa ń bá mi ṣí ojú ewé nígbà tí ọwọ́ mi bá dí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi jù ú, kò sì pè mí ní bọ̀dá rí. Bí wọ́n bá bá a wí, á ní, "Nítorí ọjọ́ márùn-ún? Kí n tó kúnlẹ̀ kí n tó dìde, mo ti bá a."

Ní ọdún 1954, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà mí láti lọ kọ́ ìṣirò. Mo mú ìwé náà ka fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ayọ̀ ọjọ́ kan ni, nítorí kò sí ẹni tó lè san owó rẹ̀ nílé wa. Ẹgbẹ́ kan wà nígboro nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Ẹgbẹ́ Afìmọ̀ṣọrọ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn tó rí ṣe ló dá a sílẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń san owó yunifásítì fún lọ́dún. Bí wọn kò bá mú mi, àyè mi á bọ́, ó sì di ìdí ìtì igi títí ayé nìyẹn. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n pè mí pé kí n wá rí wọn ní gbọ̀ngàn Màpó tó wà lórí òkè, níbi tí wọ́n ti máa ń háyà yàrá ṣèpàdé.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, Iléyá ku nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá Màmúdù pọ̀n mí láti Bẹ́yẹrúnkà, ó gba Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ó gun òkè, ó sọ̀ mí kalẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn Màpó, ó wá omi mímu lọ. Oòrùn ọjọ́ náà mú. Mo gbé igi méjì tí mo ń fi sábẹ́ abíyá rìn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ṣí fìlà, mo gbé e sórí itan, mo ń nu òógùn.

Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Arọ tó jókòó ní gbangba ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Jímọ̀, tí fìlà rẹ̀ dojú sókè! Àwọn èèyàn ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba. Kí n tó mọ̀, kọ́bọ̀ kan ti bọ́ sínú fìlà, òmíràn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ju tọ́rọ́ sí i, ó ní, "Bá mi bẹ Ọlọ́run, ọmọ mi fẹ́ bímọ." Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ṣùgbọ́n nílé wa, ẹni tó gba sàráà tí kò ṣàdúrà, olè ni. Mo ní, "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Ọkùnrin kan wá dúró níwájú mi, ó wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn yẹn. Ọmọ Mùsùlùmí kọ́, ṣùgbọ́n ta ni kì í ṣe sàráà ní Ìbàdàn bí ọ̀rọ̀ bá tó ọ̀rọ̀? Ó fi sísì kan, kọ́bọ̀ mẹ́fà, sínú fìlà.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwé kan wà tí mo fẹ́ fọwọ́ sí lókè yìí. Bá mi bẹ Ọlọ́run kí n má ṣì í."

Àdúrà ti mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ ò ní ṣì í, sà. Ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lókè yìí, ojú ò ní tì yín lórí rẹ̀."

"Àmín o!" Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Mo kó owó náà sápò, mo dé fìlà mi, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn. Níbi tí igi ò ti dúró, mo fi ìdí wọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, mẹ́síńjà nawọ́ dí mi.

"Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sàráà. Àwọn ọ̀gá ń ṣèpàdé."

Mo ní, "Èmi ni ìpàdé wọn."

Mo wọlé. Ọkùnrin márùn-ún ló jókòó yí tábìlì ká. Ẹni tó wà lórí àga alága ni ọkùnrin oníkóòtù dúdú yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé lorúkọ rẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àgodi fẹ̀yìn tì. Ó wò mí, ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó tún wò mí.

"Ìwọ ni Gàníyù?"

"Èmi ni, sà."

Àwọn yòókù bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Wọ́n gbé ìṣirò kan fún mi, mo ṣe é láì mú bírò. Mo rí i pé inú wọn dùn. Àfi Alàgbà Ọ̀jẹ̀wálé, oníṣòwò kòkó tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní:

"Ọmọ yìí mọ̀wé, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé yìí ni mo wà tí wọ́n fi pọ̀n ọ́n dé bí ọmọ ọwọ́. Bó bá dé yunifásítì, ta ni yóò máa pọ̀n ọ́n láti kíláàsì dé kíláàsì? Yóò fi í sílẹ̀ láàárín ọdún, owó wa á ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká máa fún un ní pọ́n-ùn márùn-ún nígbà ààwẹ̀ lọ́dọọdún, ká fi wá ojú rere Ọlọ́run, kí á wá fún ẹni tó lè rìn ní owó ẹ̀kọ́."

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n n kò wá gba sàráà."

Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé wúkọ́. "O gba tèmi nísàlẹ̀."

"Òógùn ni mo ń nù, sà, tí ẹ fi ju owó sínú fìlà mi. Sísì yín nìyí." Mo gbé e sórí tábìlì.

Ó tì í padà sí mi bí ẹni tí iná jó. "Kí ló dé? A kì í gba sàráà padà!"

"Bí ẹ kò bá gbà á padà, a jẹ́ pé àdúrà náà dúró. Mo ní ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lókè yìí, ojú ò ní tì yín lórí rẹ̀. Ìwé mi nìyẹn níwájú yín."

Lójijì, Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Alàgbà Ọ̀jẹ̀wálé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnu rẹ̀ ń sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ ara wọn. Níkẹyìn, alága ní, "Gàníyù, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá. Wá láti ilé yín dé orí òkè yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá pọ̀n ọ́, tàbí tí wọ́n tì ọ́, ẹlòmíràn la máa fún. Bí o bá dá ara rẹ gbé dé, mo fọwọ́ sí i."

Nígbà tí mo ròyìn nílé, ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Wọ́n ní kí ó gun òkè Màpó? Ọmọ mi? Wọ́n kúkú ní kí ó fò!"

Kúlúsúmù ní, "Kí wọ́n fún un ní ìyẹ́ nígbà náà."

Mo sọ fún wọn pé mo ti rí àwòrán kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan rí nínú ìwé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wà á dípò ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìrin rẹ̀ dà? Ìyá mi ní òun á lọ bá àwọn aládùúgbò, kí wọ́n ṣàánú. Mo ní kó má lọ. N kò fẹ́ kọ́bọ̀ kan sí i nínú fìlà mi.

Bàbá Màmúdù ń nu òòlù rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gàníyù, o ò tíì bèèrè ọ̀wẹ̀ rẹ."

Lágboolé wa, ọmọkùnrin tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí tó fẹ́ gbéyàwó lè bèèrè ọjọ́ kan lọ́wọ́ gbogbo alùṣọ. Èrè gbogbo aṣọ tí wọ́n bá lù lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá jókòó sídìí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn rí nìkan ni kò lè bèèrè.

Mo ní, "Bàbá, n kò kọ́lé, n kò gbéyàwó."

"Ta ló lu aṣọ nígbà tí Àkíbù ń gbéyàwó?"

"A jọ lù ú ni."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo lù ú."

"Nígbà tí òjò wó ògiri mi ńkọ́?"

"Mo lù ú, Bàbá."

"Ó dáa, la ẹnu rẹ. A kì í fi ọ̀wẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ. Tìrẹ ni, ìwọ lo máa bèèrè rẹ̀."

Ẹ ò mọ bí ó ti ṣòro tó. Ẹni tí ayé ti ń ju kọ́bọ̀ sí láti kékeré, gbogbo ìbéèrè ló dà bí agbe lójú rẹ̀. Ìyá mi ń wò mí. Mo ní, "Mo bèèrè ọ̀wẹ̀ mi."

Sọ́ńdè ni wọ́n lù ú. Iléyá ti sún mọ́, gbogbo ilé ní ìgboro ló ní aṣọ tó fẹ́ kó dán. Ìyá mi se ẹ̀kọ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Òòlù méjìlá ló ń ró lẹ́ẹ̀kan náà, tèmi wà níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ wa ní Yemẹ́tù.

Ní Mọ́ńdè, a lọ bá Sìdí, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ògùnpa. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán náà sílẹ̀ fún un. Ó yí àwòrán po lẹ́ẹ̀mejì.

"Pẹ́dà lókè, níbi tí ọwọ́ wà? Ọmọ alùṣọ, ṣé orí rẹ pé?"

Mo ní, "Òun ló pé jù nínú ara mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú iṣẹ́ náà. Òkú kẹ̀kẹ́ méjì ló fi ṣe é. Ní Tọ́sìdeè, ó gbé e jáde, ó ní gíríìsì tí yóò fi sí ṣéènì ló kù, òun ò ní in. Mo tọwọ́ bọ àpò, mo kan sísì Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé. Mo ní kó fi ra gíríìsì.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Kúlúsúmù ló ń sáré níwájú, ó ń lé ewúrẹ́ àti awakọ̀ kúrò lọ́nà bákan náà. "Ẹ yà! Ẹ yà! Ọmọ yunifásítì ń kọjá!" Mo ní kó dákẹ́, wọn ò tíì mú mi. Ó ní, "Èmi ti mú ọ. Wa kẹ̀kẹ́ rẹ." Bàbá Màmúdù ń rìn lẹ́yìn mi, ó gbé òòlù rẹ̀ sí èjìká. N kò bi í léèrè ìdí tó fi mú un dání.

Nígbà tí a fi máa dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń tẹ̀ lé wa. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń bú Sìdí pé irú kẹ̀kẹ́ wo nìyí. Lẹ́yìn náà ni òkè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ òkè Màpó mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì gan-an máa ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí rẹ̀. Mo di pẹ́dà mú, mo ń yí i. Apá tó ti lu aṣọ fún ọdún méjìlá, òkè ò bà á lẹ́rù. Mo kà á sọ́kàn bí mo ṣe ń kà á nídìí ìtì igi: gbì, gbà, gbì, gbà.

A ti kọjá ìdajì nígbà tí ṣéènì yọ.

Kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Mo di táyà mú, ó bó mi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn pariwo. Ọkùnrin kan sáré wá láti tì mí, Kúlúsúmù gbá a lọ́wọ́ dànù: "Má fọwọ́ kàn án! O fẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́?" Mo ń lọ sẹ́yìn. Mo rò pé ó parí.

Kó!

Bàbá Màmúdù ti ki òòlù bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wojú sánmà bí ẹni pé òun kọ́.

Lókè, Alàgbà Ọ̀jẹ̀wálé kígbe láti ojú fèrèsé, "Wọ́n tì í! Mo rí wọn!"

Ohùn Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé dáhùn, "Ẹ la ojú yín dáadáa. Ṣé ó gòkè sí i ni? Wọn ò tì í. Wọn ò jẹ́ kó padà sẹ́yìn ni."

Mo tẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi dá ṣéènì padà sórí eyín rẹ̀. Mo mí. Mo di pẹ́dà mú. Ní gbogbo ibi tó bá ti rẹ̀ mí lẹ́yìn náà, bí mo bá ti dúró, Bàbá Màmúdù á fi òòlù sábẹ́ táyà, á ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bí mo bá ṣetán, á yọ ọ́. Kò tì mí lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gun Màpó, dé téńté orí rẹ̀. Ariwo tó sọ níbẹ̀, ìyá mi ní òun gbọ́ ọ nídìí ìkòkò ẹ̀kọ òun, ṣùgbọ́n ìyá mi fẹ́ràn àbùmọ́.

Mo fi igi mi méjì gun àtẹ̀gùn. Mẹ́síńjà ọjọ́sí ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀gbẹ́ni Ògúntádé dìde dúró, orí ìdúró náà ló ti fọwọ́ sí ìwé mi, kò jókòó.

"Gàníyù, àdúrà rẹ gbà. Sísì mi ńkọ́?"

"Ó wà lára ṣéènì, sà. Mo fi ra gíríìsì. Ẹ̀yin náà ti bá wa dá sí ọ̀wẹ̀."

Alàgbà Ọ̀jẹ̀wálé kò bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ló dìde nínú ìpàdé pé owó ẹ̀kọ́ nìkan kò tó fún ọmọ tó bá ní àléébù ara, kí ẹgbẹ́ máa san owó ohun tí yóò fi rìn tàbí ẹni tí yóò bá a kàwé. Afọ́jú kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó di lọ́yà.

Mo jáde ní yunifásítì pẹ̀lú ipò kìíní. Bàbá Màmúdù wá, agbádá rẹ̀ ń dán débi pé ó ń ta sí mi lójú. Nígbà tí mo ń kọjá òkun ní 1959, ó fún mi ní òòlù náà. Mo ní mo ń bọ̀ láìpẹ́. Ó kú, n kò dé. Ìyá mi kú, mo dé lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Iṣẹ́ gbà mí, ìdílé gbà mí, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí gbà mí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lu aṣọ mọ́ lágboolé wa. Orí tábìlì ìkàwé mi ni òòlù náà wà láti ìgbà náà.

Ní oṣù tó kọjá, Kúlúsúmù fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti gbó, ẹnu rẹ̀ ò gbó. Ó ní, "Bọ̀dá mi." Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan ń bẹ. Ó ní ọmọ-ọmọ òun kan, Ọmọ́tọ́lá, tó ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, ti rí yunifásítì wọ̀, owó ni kò sí. Ọmọ náà kò sì jẹ́ kí wọ́n bẹ èèyàn. Ó ní òun kì í ṣe alágbe.

Mo rẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Owó kọ́ ni ìṣòro mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo ń pa á rẹ́, nítorí gbogbo ohun tí mo bá kọ ló ń dún bí kọ́bọ̀ nínú fìlà. Lánàá, mo gbé òòlù náà sórí itan, mo kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́:

"Ọmọ́tọ́lá, bàbá rẹ àgbà Gàníyù ni. Kúlúsúmù ṣí ojú ewé fún mi fún ọdún méjìlá, ó sì lé ewúrẹ́ lọ́nà fún mi dé Màpó. Ọ̀wẹ̀ ni, kò tíì bèèrè tirẹ̀ rí, ìwọ ni mo fẹ́ san án fún. Owó ọdún mẹ́rin rẹ ti wà ní báńkì, pẹ̀lú ti kẹ̀kẹ́ tuntun. Má ṣàdúrà fún mi, kì í ṣe sàráà. Mo ń fi òòlù kan ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú, ó wúwo díẹ̀. Bó bá rẹ̀ ọ́ lórí òkè, fi sábẹ́ táyà, kí o sinmi. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́, kí o máa lọ."